Ìtumọ̀ Orúkọ Sìsílíà Onídìrí

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, Sìsílíà Ọláìyá tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tò. Àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé, tó ti wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tó ti ń dírun ní Ọ̀mù-Àrán, ó gbé e lọ sí ìdí ògiri kejì. Ó sún dígí ńlá sí apá ọ̀tún. Ó gbé tábìlì tí òòyà àti jẹ́lì ń wà lórí rẹ̀ sí apá ọ̀tún bákan náà. Nímọ́tà, tó ń ta àtíkè àti ọṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀, yọjú wò ó, ó béèrè ohun tó dé.

"Oòrùn ló ń wọ̀ mí lójú," Sìsílíà dá a lóhùn.

Kì í ṣe oòrùn. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ohunkóhun tó bá gba apá òsì wá kì í hàn sí i mọ́, àfi bó bá dé iwájú rẹ̀ tán. Ẹni tó ń kọjá lọ, garawa omi tí wọ́n gbé sílẹ̀, ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, gbogbo wọn a kàn yọ sí i lójijì bí ẹni tó ti inú ògiri jáde. Ó ti fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀ títí ibẹ̀ fi dúdú. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Ebenezer, rí àpá náà, Sìsílíà ní igi ìdáná ló já lu òun.

Obìnrin tó ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún ni, kì í sì í ṣe òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a máa tuni lára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wá dúró dè é ní ọjọ́ Sátidé, bí àwọn onídìrí mìíràn tilẹ̀ jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ á wá láti Ìsánlú-Ìsin kí Sìsílíà lè ṣe ṣùkú fún un. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Bó bá ti la irun, ìlà náà á gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ohun tó mú kí ó máa parọ́ ni pé ó mọ àìsàn yìí. Ó ti rí i rí lára ẹlòmíràn.

Ọláṣẹ̀hìndé, bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ ni ní Èsìẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún òun náà nìyẹn. Ebè tó ń kọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ó fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, lẹ́sẹ̀ kan náà, lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún kan. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kì í lè rí ọ̀nà oko bọ̀ wá sílé mọ́. Nígbà tí Sìsílíà fi wọ ilé ìwé girama, abẹ́ igi ọsàn ni bàbá rẹ̀ ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ìró ẹsẹ̀ èèyàn ló fi ń mọ ẹni tí yóò kí. Àwọn kan ní àwọn ọ̀tá ló ṣe é. Àwọn kan ní ó dalẹ̀ ẹnì kan. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ogbó ni, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Kò sẹ́ni tó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Sìsílíà ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, títí ó fi kú.

Nítorí náà, nígbà tí apá òsì òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó mọ ohun tó ń bọ̀. Ó kàn gbà pé bí òun ò bá dárúkọ rẹ̀, kò ní tètè dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn, kó tó di ọjọ́ Sátidé tí àwọn ọmọbìnrin méjì láti yunifásítì wá dírun. Hafeezat, ọmọ Ìgbàjà, ló wà lórí àga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jannat wà lórí bẹ́ǹṣì. Hafeezat ń fi fóònù wá ìtumọ̀ orúkọ kiri.

"Màmá, ẹ gbọ́! Wọ́n ní 'ẹni tó ń pa nǹkan mọ́' ni orúkọ mi."

"Ìwọ tí o sọ kọ́kọ́rọ́ nù lánàá?" ni Jannat wí. Òun ní tirẹ̀, wọ́n ní 'ọgbà ìdẹ̀ra' ni. Nímọ́tà gbọ́ ẹ̀rín wọn, ó sáré wọlé, ó ní kí wọ́n wo tòun náà. Wọ́n ní 'oore Ọlọ́run' ló ń jẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó yí po, ó ní kí gbogbo Ọ̀mù-Àrán wá rà lára oore Ọlọ́run. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

"Ó yá, tèmi náà," ni Sìsílíà wí. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò nínú irun.

Hafeezat tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Àtàǹpàkò rẹ̀ dúró.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, màmá."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ fún Nímọ́tà tán?"

"Ó jọ pé... wọ́n ní orúkọ àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni. Èdè Látìn. Orúkọ ìdílé ńlá kan ni."

"Mo ti gbọ́. Kí ló ń jẹ́?"

Hafeezat wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú dígí. "Wọ́n ní ó wá láti inú ọ̀rọ̀ kan, caecus. Wọ́n ní... 'afọ́jú' ni."

Nímọ́tà kígbe, "Aúsù bíláhì! Ta ló kọ ìyẹn? Pa fóònù yẹn!" Jannat ní irọ́ pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Sìsílíà fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Ó ní bó bá jẹ́ afọ́jú lòun, ta ló ń dírun tó rẹwà báyìí? Ó tẹ̀síwájú. Àmọ́ nígbà tó parí, tí ọmọ náà gbé dígí kékeré sí ẹ̀yìn orí, Hafeezat fi ìka kan ẹ̀bá etí òsì, ó rọra ní, "Màmá, ibí yìí wọ́ díẹ̀."

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún Sìsílíà rí. Ó tú apá ibẹ̀, ó tún un dì. Nígbà kejì, ìka ló fi wá ìlà náà, kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú.

Láti ọjọ́ náà lọ, oorun rẹ̀ ò kún mọ́. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Wọ́n tún ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo ilé kí wọ́n tó sọ òun. Fada òyìnbó tó wà ní Èsìẹ́ nígbà náà ló wo kàlẹ́ńdà, ó rí i pé ọjọ́ Sìsílíà mímọ́ ni wọ́n bí ọmọ náà, ó sì bu omi sí i lórí. Bàbá rẹ̀ dúpẹ́. Ojú bàbá rẹ̀ ń ríran kedere lọ́jọ́ náà.

Èyí gan-an ló wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù. Kí orúkọ náà tó wọ ilé wọn, kò sí afọ́jú níbẹ̀. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì ń pè é lójoojúmọ́. Ó rántí ohùn bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn: "Sìsílíà! Sìsílíà o! Wá fà mí lọ́wọ́." Ó dà bíi pé bàbá náà ń jókòó sínú òkùnkùn, ó ń pe òkùnkùn lórúkọ, òun sì ń jẹ́ ẹ. Bó bá ti rò ó dé ibẹ̀, á dìde, á fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, á fi ojú òsì wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Nọ́ńbà tó wà ní apá kan rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ṣú. Wọn ò sí níbẹ̀ ni.

Ìgbà yẹn náà ni ọmọ rẹ̀ pè é láti Èkó. Ọpẹ́fẹ̀yìntìmí, tí gbogbo ilé ń pè ní Ọpẹ́, ti bímọ obìnrin, òun àti ọkọ rẹ̀ sì fẹ́ gbé ọmọ náà wá sílé kó lè ṣe ìrìbọmi ní Èsìẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣe tirẹ̀.

"Màámi, ẹ ò ní gbà gbọ́! Orúkọ yín la fẹ́ fi ṣe orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá."

"Ẹ má fi sọ ọ́ o."

"Hàá, ẹ̀ẹ́ ṣe?"

"Orúkọ pọ̀. Mọ́níkà ńkọ́? Àgínẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Ẹ ṣáà wá òmíràn."

"Kí ló ṣe tiyín, màámi?"

"Mi ò fẹ́ ni. Ọpẹ́, má fi orúkọ mi sọ ọmọ yẹn. Mo bẹ̀ ọ́."

Nígbà tí Ọpẹ́ tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ṣé ẹ ò fẹ́ràn ọmọ mi ni?" Kó tó di pé ìyá rẹ̀ rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ti pa fóònù.

Kò pè mọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ebenezer gbọ́ ti ẹnu ọmọ, ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan, ó sì gbé ọkọ́ lọ sóko rẹ̀. Sìsílíà ń ṣiṣẹ́, ó ń kí èèyàn, ó ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fẹ́ sọdá títì lọ ra epo. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí nǹkan. Ó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀kadà kan tó di ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ya bàrá kúrò lára rẹ̀, ẹ̀gẹ́ fọ́n ká sójú títì, ọkùnrin tó ń gùn ún fi ẹsẹ̀ gba ilẹ̀, ó yíjú padà pẹ̀lú ìbínú.

"Ìyá, ṣé afọ́jú ni yín ni?"

Ọkùnrin náà ò mọ̀ pé òun pe orúkọ rẹ̀. Sìsílíà bá a ṣa ẹ̀gẹ́, ó ń bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́.

Fada tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe òyìnbó mọ́. Ọmọ Ìgbómìnà ni, àgbà tí orí rẹ̀ ti funfun, tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó bá a lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń bomi rin ata. Wọ́n gbé ìjókòó sábẹ́ ìbòòji, ẹni tó ń dáná fún Fada gbé ife omi sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sìsílíà.

"Fada, mo fẹ́ pa orúkọ mi dà."

"Ní ọjọ́ orí yìí? Kí ni Sìsílíà ṣe fún yín, Ìyá Ọpẹ́?"

"Ṣé lóòótọ́ ni pé afọ́jú ló ń jẹ́?"

Fada rẹ́rìn-ín, ó wo ojú rẹ̀, ó dá ẹ̀rín dúró. "Ta ló sọ fún yín?"

"Fóònù ni. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ Látìn."

"Òótọ́ ni," ni Fada wí.

Sìsílíà ti ń retí pé Fada yóò sẹ́ ẹ.

Fada ní kó fara balẹ̀. Ó ní àwọn ará Róòmù ò mọ oríkì bí tiwa. Ohun tí wọ́n bá rí lára èèyàn ni wọ́n máa fi pè é, orúkọ náà á sì lẹ̀ mọ́ àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Pọ́ọ̀lù ń jẹ́ kékeré. Kíláúdíù, ẹni tó ń tiro ni. Bàbá ńlá kan ní ìdílé kan báyìí ni ojú rẹ̀ ò dá, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ sì di ọmọ afọ́jú lẹ́nu aráyé, kódà àwọn tí ojú wọn mọ́ gaara. "Bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé 'ilé baba abuké', tí kò sì sí abuké kan níbẹ̀ mọ́."

"Ẹni mímọ́ yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Inú ìdílé náà ni wọ́n bí i sí. Mi ò gbọ́ pé ojú rẹ̀ fọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn àgbà ìjọ ṣe. Nígbà tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tán, orúkọ náà kò dùn mọ́ wọn létí. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u bí ẹni tú ìdì ẹrù. Ẹnì kan ní caeli lilia ni, òdòdó lílì ti ọ̀run. Ẹnì kan ní rárá, caecitate carens ni, ẹni tí ìfọ́jú ò sí lára rẹ̀. Ẹlòmíràn ní caecis via, ọ̀nà tí afọ́jú lè tọ̀."

"Èwo ló wá jẹ́ òótọ́ nínú wọn?"

"Kò sí. Wọ́n fi orúkọ náà ṣeré ni. Afọ́jú yẹn ni òótọ́. Èyí tó kù, ìfẹ́ ló kọ́ wọn."

Sìsílíà rò ó, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. "Fada, ìyá bàbá mi náà ṣe irú ẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ ò lè pe Sìsílíà. Ṣíṣílà ló ń pè mí. Bí wọ́n bá ní kò pè é dáadáa, á ní òun pè é dáadáa, pé ṣíṣí ni ojú ọmọ òun yóò máa ṣí, lílà ni yóò máa là."

"Ẹ ò rí i! Ìyá tí kò lọ sí Róòmù."

Ó ti ń fẹ́ dìde. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ó na ọwọ́ òsì láti mú gèlè rẹ̀, ó gbá ife omi náà, ife fò, omi dà sí Fada lẹ́sẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Fada ò wo omi. Sìsílíà ló ń wò.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí ni, Fada?"

"Tí ẹ ò ti rí apá ibẹ̀ yẹn."

Kò rí irọ́ pa. Ó tún jókòó, ó sì sọkún títí. Fada jẹ́ kó sọkún tán. Ó ní, "Mo máa gbàdúrà fún yín, n ò ní jáwọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbàdúrà fún bàbá yín náà, kò sì sẹ́ni tó yẹ ojú rẹ̀ wò. Orúkọ kì í fọ́ni lójú, Ìyá Ọpẹ́. Nǹkan a máa wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ lọ sí Ìlọrin. Ẹ má sì dá lọ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn láti Èsìẹ́, síbẹ̀ kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ebenezer gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Láti ìgbà Ọdún Àjíǹde ni mo ti ń gbé àpótí kúrò ní apá òsì rẹ kí o tó kọjá. Mo ń dúró kí o sọ fún mi. Mo ń sọ fún ara mi pé bí o bá dákẹ́, bóyá kò le." Ó wolẹ̀. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Wọ́n jọ lọ sí Ìlọrin. Ní ọsibítù, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, wọ́n bo ojú ọ̀tún rẹ̀, wọ́n fi nǹkan kékeré kan sí i lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní iná kéékèèké yóò máa tàn níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ìgbàkígbà tó bá rí ọ̀kan, kó tẹ nǹkan náà. Iná tàn, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tàn, ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kò rí nǹkan kan mọ́. Ó dúró. Ó gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dún wúruwùru.

"Màmá, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá rí i."

"Kò tíì tún tàn."

Ohùn nọ́ọ̀sì rọ̀ nígbà tó sọ ọ́. "Ó ń tàn, màmá."

Dókítà, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti Ọpẹ́ lọ, fi èdè tó yé e ṣàlàyé. Ó ní gulakómà ni. Omi inú ojú ló ń tì ju bó ti yẹ lọ, ó ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, láìdunni, láìpariwo. Ohun tó ti lọ ní ojú òsì ò ní padà. Ó ti kan ọ̀tún náà díẹ̀. Oògùn wà tí yóò máa kán sójú láràárọ̀ àti lálaalẹ́, títí ayé, kí èyí tó kù má bàa lọ. Sìsílíà ń mi orí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

"Ṣé ẹnì kan nínú ẹbí yín ní irú ẹ̀ rí?"

"Bàbá mi."

"Ẹ ní ọmọ? Ẹ ní àbúrò? Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ yẹ ojú wọn wò, màmá. Bí èèyàn bá tètè mọ̀, ojú rẹ̀ lè má bàjẹ́ rárá. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn."

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, kò ronú nípa ojú ara rẹ̀ rárá. Ó ń ronú nípa Ọpẹ́, àti ọmọ tí kò tíì gbé rí. Ó ronú nípa Olúwaṣẹ́gun, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gun ọ̀kadà ní Arandun, tí kì í ṣe ẹ̀mí tirẹ̀ nìkan ló ń gbé kiri.

Ọpẹ́ ò gbé ìpè rẹ̀. Fóònù Ebenezer ló fi rí i bá sọ̀rọ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń sáré kí ẹ̀mí má tán: fóònù Hafeezat, ìtumọ̀ orúkọ, bàbá àgbà, ife omi, iná tí kò rí.

"Ṣé nítorí èyí ni ẹ ò ṣe fẹ́ ká fi sọ ọ́?"

"Òun ni."

"Mo sunkún dalẹ́ lọ́jọ́ yẹn, màámi. Mo ní ìyá mi kọ ọmọ mi."

"Dárí jì mí. Ọpẹ́, lọ yẹ ojú rẹ wò. Lọ́la. Má jẹ́ kí ó di ọ̀tunla."

Ọjọ́ tí Ọpẹ́ lọ sí ọsibítù ní Èkó, Sìsílíà ò lè fi ọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Ó gbá ṣọ́ọ̀bù, ó tún un gbá. Nímọ́tà wá jókòó tì í, ó ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí fóònù dún.

"Ó wà níbẹ̀, màámi," ni Ọpẹ́ wí. "Omi náà ń tì nínú ojú méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Wọ́n ní ká ní mo pẹ́ sí i ni... Wọ́n ti fún mi ní oògùn."

Sìsílíà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè. Nígbà tí ìpè parí, ó fi ìborùn bojú, ó sunkún. Ayọ̀ wà nínú ẹkún náà, àmọ́ kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Òun ló gbé àìsàn náà fún ọmọ.

Ọpẹ́ àti ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ dé ní ọjọ́ Jímọ̀, ìrìbọmi di ọjọ́ Àìkú. Sìsílíà gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wo ojú kékeré méjèèjì, ó ń gbé ìka lọ gbé ìka bọ̀ níwájú wọn títí Ọpẹ́ fi gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màámi, ó tó. Ẹ máa dẹ́rù bà á."

"Orúkọ wo lẹ wá mú?"

"Sìsílíà ni."

"Ọpẹ́!"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Bá a bá sọ ọ́ ní Mọ́níkà, ṣé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn máa jáde? Á wà níbẹ̀, a ó sì gbàgbé, bí wọ́n ṣe gbàgbé ti bàbá àgbà. Bó bá ń jẹ́ Sìsílíà, mo máa rántí ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè é. Òun náà máa dàgbà, á béèrè ohun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́, mo sì máa sọ fún un, mo máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Ìyá rẹ̀ ò gbà. Kò sì lè já ọ̀rọ̀ náà nírọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí Fada béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọ náà, tí Ọpẹ́ sì dáhùn, Sìsílíà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Omi kan orí ọmọ, ọmọ figbe ta. Fada gbójú sókè láti ara ọmọ náà wo Sìsílíà, ó mi orí sí i.

Olúwaṣẹ́gun wá síbi ìrìbọmi, ó jẹun, ó jó. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní ojú òun ò ṣe nǹkan kan. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún pè é. Nígbà kẹta, kò gbé ìpè. Ni Sìsílíà bá lọ bá a ní Arandun, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ọlọ́kadà ò tíì jáde tán.

Ó bá a níwájú ilé tó ń nu ọ̀kadà. Ó kí i. Kò sọ̀rọ̀ dókítà. Ó rọra rìn yí i ká, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó na apá síta, ó ń mi ọwọ́. Ṣẹ́gun ń nu táǹkì, ó ń sọ ìròyìn òjò. Sìsílíà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó tún mi ọwọ́.

"Kí lẹ ń mi ọwọ́ sí mi fún, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èyí lo rí. Àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Àkọ́kọ́ wo?"

Sìsílíà nawọ́ sí ọ̀kadà, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó tì í bọ àyà.

Ṣẹ́gun bínú. Ó pariwo títí ìyàwó rẹ̀ fi jáde. Ó béèrè ohun tí àwọn ọmọ òun yóò jẹ. Ó ní ṣé ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní afọ́jú káàkiri Arandun ni. Sìsílíà jókòó sórí ìjókòó ọ̀kadà náà, ó di ọwọ́ tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ mú ṣinṣin, kò lọ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pe fóònù rẹ̀ láti Ọ̀mù-Àrán, kò gbé e. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un, ó mu ún lórí ọ̀kadà. Oòrùn gòkè. Ṣẹ́gun wọlé, ó jáde, ó tún wọlé.

Nígbà tó yá, ó wá jókòó sórí òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú.

"Ọjọ́ wo," ni ó béèrè, "ni wọ́n máa ń wo ojú èèyàn ní Ìlọrin yẹn?"